Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà, Ìlú Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ohun tí Másùnmáwo ń Ṣe sí Ara Wa

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìwòsàn kan ní Kútọnu, kí ó tó ṣàlàyé ohun tí ó gbé e wá, nọ́ọ̀sì yóò ti na ọwọ́ sí apá rẹ̀. Yóò fi aṣọ kan yí i lápá, yóò fẹ́ atẹ́gùn sínú aṣọ náà títí yóò fi fún apá gírígírí, yóò sì tú u díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ nọ́ńbà méjì sínú ìwé. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Èkejì ń sọ agbára náà nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ láàrin ìlù kan sí èkejì. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 12 lórí 8, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ 14 lórí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn tí kò wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé nìyẹn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tansíọ̀n.

Nínú àgbàlagbà mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè Benin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ní i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀, nítorí pé àrùn yìí kì í sábà dun ènìyàn. Ó lè wà lára fún ọdún mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀, títí di ọjọ́ tí iṣan kan yóò já tàbí dí nínú ọpọlọ, tí apá kan ara yóò sì rọ.

Kí ni ó ń fà á? Nínú àwọn kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa, ìdáhùn mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ bí mo bá béèrè. Àwọn kan a ní iyọ̀ ni, pàápàá kúùbù tí a ń sọ sínú ọbẹ̀. Àwọn mìíràn a ní àrùn ìdílé ni, pé ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá wọn. Ìdáhùn kẹta, àwọn obìnrin ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́, wọn a sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí ẹni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí dókítà lè gbọ́: "Ìrònú ni." Ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ tọ̀nà, ilé ìwòsàn sì ń sọ wọ́n fún wa lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé òun náà tọ̀nà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Láti Igbó-Ọrà dé Chicago

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀jẹ̀ ríru ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn kan ń sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú gan-an ni àrùn náà wà, pé bí a ti dá a nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1990, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Richard Cooper, ọmọ Nàìjíríà kan tí ń jẹ́ Charles Rotimi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pinnu láti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Wọ́n wá àwọn ènìyàn tí orísun wọn jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí ibùgbé wọn yàtọ̀. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Kamẹrúùnù àti ti Nàìjíríà. Àwọn Yorùbá Igbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, wà lára wọn. Wọ́n sọdá òkun lọ sí erékùṣù Jàmáíkà, Saint Lucia àti Barbados, níbi tí àwọn ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ń gbé. Wọ́n sì dé Maywood, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 10,000.

Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1997 sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ó di 33.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Láti Kútọnu sí Wídà, níbi tí a ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú àwọn baba ńlá bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń fa àrùn náà, ìwọ̀n rẹ̀ ìbá dọ́gba níbi gbogbo tí ẹ̀jẹ̀ náà dé. Àwọn olùwádìí náà sọ pé ara sísan àti iyọ̀ jíjẹ ṣàlàyé apá púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ mìíràn fi ìnira ẹni tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nítorí àwọ̀ rẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń pinnu ohun tí ènìyàn ń jẹ, bí ó ti ń rìn àti ẹni tí ó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, bí kì í bá ṣe ibi tí ó ń gbé?

Ìwádìí mìíràn wà tí ó sún mọ́ ìgbé ayé àwa ará Kútọnu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni a ti ṣe é, a sì gbé e jáde ní ọdún 1990. Àwọn olùwádìí tẹ̀lé àwọn ọmọ Luo tí wọ́n fi abúlé wọn ní etí adágún Victoria sílẹ̀ láti lọ wá iṣẹ́ ní Nairobi. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ìlú ńlá náà tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru ju ti àwọn tí ó dúró sí abúlé lọ. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ara wọn sì wúwo sí i. Ṣùgbọ́n ọkàn wọn pẹ̀lú ń lù kánkán ju ti ará abúlé lọ, àmì pé ara kò balẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Kétu, Pobẹ̀ tàbí Ṣakẹ́tẹ wá sí Kútọnu yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Ẹkùn tí kì í lọ

Báwo ni ìrònú, tí a kò lè fi ọwọ́ kàn, ṣe ń di àrùn nínú ara tí a lè fi ọwọ́ kàn? Ẹ wo ẹnì kan tí ó fẹ́ sọdá títì ní Étoile Rouge. Lójijì, ọkọ̀ akẹ́rù fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ó ti fò sẹ́yìn. Àyà rẹ̀ ń lù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù, ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Lórí kíndìnrín wa méjèèjì ni ẹ̀yà ara kékeré kan jókòó sí bí fìlà. Nígbà tí ewu bá dé, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí i, òun náà a sì tú omi kan tí a ń pè ní adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn a yára. Iṣan ẹ̀jẹ̀ a fún, ẹ̀jẹ̀ a sì ru. Ṣúgà a tú jáde kí ẹsẹ̀ lè ní agbára láti sá. Oúnjẹ inú ikùn a dúró, nítorí pé kì í ṣe àkókò oúnjẹ ni. Ohun tí ó dára ni gbogbo èyí, òun ni ó gba àwọn baba wa lọ́wọ́ ẹkùn nínú igbó. Bí ẹkùn bá ti lọ, ara a rọlẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Owó ilé kì í lọ bí ẹkùn. Gbèsè kì í lọ. Ara kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹkùn àti onílé tí ń kan ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù: ìránṣẹ́ kan náà ni ọpọlọ ń rán. Nígbà tí ìbẹ̀rù bá di ti ojoojúmọ́, omi mìíràn tí ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù a máa tú jáde láti ibi kan náà, a sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó dínkù. Iṣan a le, ṣúgà a pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, oorun a di gígé, àwọn ọmọ ogun ara tí ń bá kòkòrò àrùn jà a sì rẹ̀.

Hans Selye, onímọ̀ ìṣègùn tí ó ṣiṣẹ́ ní Montréal ní ilẹ̀ Kánádà, ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí fún àwọn onímọ̀, ní ọdún 1936. Ó ṣàkíyèsí pé irú ìnira yòówù tí a bá fi jẹ eku, ìbáà ṣe òtútù tàbí iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ohun kan náà ni a máa ń rí nínú ara wọn: ẹ̀yà orí kíndìnrín a wú, egbò a sì yọ nínú ikùn. Ìnira bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé ń pè ní stress. Yorùbá ń pè é ní másùnmáwo. Ẹ kò rí i pé orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti ní àìsùn nínú?

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni ó ń fà. Ní ọdún 1995, Janice Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú àwọn obìnrin tí ń tọ́jú ìbátan tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń kú nítorí ogbó. Wọ́n ṣe egbò kékeré kan sí apá wọn, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ sí apá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn tí kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Egbò àwọn olùtọ́jú náà fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ kí ó tó jinná. Mo ń ronú nípa gbogbo ìyàwó ilé tí ń tọ́jú ìyá ọkọ lórí ẹní ní Kútọnu yìí, tí kò sí ẹni tí ń bi í bóyá òun náà ti sùn.

Ẹrù ará Kútọnu

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Tọ̀kpá. Abomey-Calavi ni ó ń gbé, nítorí pé owó ilé ní àárín Kútọnu ti kọjá agbára rẹ̀. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń jí. Ó yá owó láti fi ra ọjà, ó sì gbọ́dọ̀ san díẹ̀ lára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ìbáà tà, ìbáà má tà. Owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta wà níwájú rẹ̀. Ní oṣù yìí kan náà, àna rẹ̀ kú. Ó gbọ́dọ̀ ra aṣọ tí ẹbí yàn, kí ó dá owó màlúù, kí ó dá owó ohun mímu. Bí kò bá ṣe é, wọn yóò fi ṣe ẹlẹ́yà títí ayé. Èmi kò kórìíra òkú ṣíṣe. Ọlá ni fún ẹni tí ó lọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìdílé tí ó fi ọdún mẹ́ta san gbèsè ìsìnkú ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tí ń san án sì di aláìsàn kí ó tó san án tán.

Àwọn awakọ̀ zémìjàn náà ń bẹ, pẹ̀lú ẹ̀wù wọn aláwọ̀ ìyeyè. Orúkọ iṣẹ́ wọn ní èdè Fọn, "gbé mi kíákíá", ti sọ bí ọjọ́ wọn ti ń rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní alùpùpù tiwọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ pa owó oní-nǹkan kí wọ́n tó pa ti ara wọn. Nínú èéfín ni wọ́n ń lo ọjọ́ wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ wa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Denmark fi hàn pé èéfín ìlú yìí ń ṣe ìpalára fún ẹ̀jẹ̀ àwọn awakọ̀ náà ju ti àwọn ará abúlé lọ.

Ariwo ńkọ́? Ẹ̀rọ amúnáwá, ilé ọtí, ìsìn òru, gbohùngbohùn ìsìnkú. Ẹni tí kò sùn dáadáa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í wálẹ̀ ní òru bí ó ti yẹ kí ó wálẹ̀. Àti òjò: orí iyanrìn ni a kọ́ Kútọnu sí, láàrin òkun àti ọ̀sà, àwọn àdúgbò kan sì wà tí oníle wọn kì í fi ojú oorun wo òjò oṣù Kẹfà.

Àìmọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá ni ó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2017, nígbà tí ìjọba kó àwọn tí ó ń tajà lẹ́bàá títì kúrò, ojú ìlú mọ́, a kò sì lè sọ pé kò dára lójú. Ṣùgbọ́n fún oníṣòwò kékeré tí ó ti jókòó sí ibì kan fún ọdún mẹ́wàá, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n síbẹ̀, ọjọ́ kan ni ó fi pàdánù ohun gbogbo tí ń fi í lọ́kàn balẹ̀.

Àwọn kan lè rò pé àwọn ọlọ́lá tí ń ṣe ìpinnu ńlá ni másùnmáwo ń pa jù. Ìwádìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1967, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tẹ̀lé àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tí iye wọn tó nǹkan bí 18,000. Gbogbo wọn ní iṣẹ́, gbogbo wọn ní owó oṣù. Síbẹ̀ Michael Marmot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé láàrin ọdún mẹ́wàá, àwọn ìránṣẹ́ àti olùṣọ́nà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ń kú nípa àrùn ọkàn ní ìlọ́po mẹ́ta ju àwọn ọ̀gá pátápátá lọ. Kì í ṣe pé sìgá nìkan ni ó fà á. Nígbà tí wọ́n ṣírò sìgá kúrò, ìyàtọ̀ ńlá ṣì kù. Ọ̀gá a máa ṣiṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè sọ pé "ó di ọ̀la". Ìránṣẹ́ kò ní ọ̀rọ̀ sọ lórí ọjọ́ ara rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ ìránṣọ tàbí irun dídì lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ń pariwo mọ́ ọn láti àárọ̀ di alẹ́ kò nílò ìwé àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ènìyàn ni aṣọ

Bí ibi tí a ń gbé bá lè sọ wá di aláìsàn, àwọn tí a ń bá gbé lè wò wá sàn pẹ̀lú. Yorùbá kan ni ó fi èyí han àwọn dókítà àgbáyé. Abẹ́òkúta ni a ti bí Thomas Adéoyè Lámbò ní ọdún 1923. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1954 láti ṣe olórí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Àró, ìkọ́lé kò tíì parí. Lámbò kò dúró. Ó lọ bá àwọn abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn, kí wọ́n sì gba owó ilé lọ́wọ́ wọn.

Òfin kan ni ó fi lélẹ̀: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa bá a rìn lọ gba abẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, aláìsàn a máa bá àwọn ará abúlé jókòó, a bá wọn ṣiṣẹ́ oko, a bá wọn jó. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú láti bá a ṣiṣẹ́. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù ṣì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn. Àwọn dókítà ti òkè òkun wá sí Àró láti wo bí a ti ń ṣe é, Lámbò náà sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ní ilẹ̀ wa níbí, Grégoire Ahongbonon kì í ṣe dókítà. Táyà ọkọ̀ ni ó ń tún ṣe ní Bouaké, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Òwò rẹ̀ dàrú, owó tán, àwọn ọ̀rẹ́ sá, ó sì dé ibi tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tí ó rí ìtura, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn alárùn ọpọlọ tí ìdílé wọn so mọ́ igi, ó ń já ẹ̀wọ̀n wọn, ó ń mú wọn wálé. Ẹgbẹ́ Saint Camille tí ó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Benin, ní Avrankou àti ní Bohicon. Oògùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lára àwọn tí ń fún aláìsàn ní oògùn náà ni àwọn tí ó ti jẹ́ aláìsàn rí.

Nítorí náà, nígbà tí ìbátan wa bá sọ pé ìrònú ń pa òun, "má ronú mọ́" kì í ṣe oògùn. Kò sí ẹni tí ń ronú nítorí pé ó wù ú. Ohun tí ó ń wo ni sàn ni kí a gbé díẹ̀ kúrò nínú ẹrù náà: kí a bá a tọ́jú aláìsàn fún ọjọ́ kan kí ó lè sùn, kí ẹbí dín iye aṣọ òkú kù, kí ẹgbẹ́ èésú jẹ́ kí ẹni tí ó wà nínú ìṣòro kó owó ṣáájú. Èésú tí àwọn obìnrin ọjà ń dá kì í ṣe ti owó nìkan. Ẹni tí ó mọ̀ pé ènìyàn ogún yóò bèèrè òun bí òun kò bá wá ní ọjọ́ Àìkú, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ju ti ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn má ṣe wọ èésú tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ìyẹn ti di ẹkùn mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ọ̀rọ̀ yìí ju oògùn tansíọ̀n nù pé ìrònú ni ó fà á. Ohun yòówù tí ó fà á, oògùn ni ó ń dáàbò bo iṣan ọpọlọ, a sì gbọ́dọ̀ máa lò ó lójoojúmọ́, kódà nígbà tí ara bá yá. Kí iyọ̀ àti kúùbù dínkù nínú ìkòkò. Kí a máa fi ẹsẹ̀ rìn níbi tí kò jìnnà.

Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ni ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ní gbogbo àgbáyé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a dúró dè é. Nígbà mìíràn tí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn fún ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n yín, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé ìlera yín. Bí ẹ bá délé, ẹ ṣí ìwé náà, kí ẹ ka nọ́ńbà náà fúnra yín, kí ẹ sì fi wé ti ìgbà tí ó kọjá. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà lọ láàrin ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí orí sì ń fọ́ gan-an, tí ojú ń ṣú tàbí tí ọwọ́ kan ń rọ, ẹ lọ ní wákàtí náà gan-an, ẹ má sì dá lọ.